Ìfun Àgùntàn Nínú Àgbàlá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé mi ń rùn. Òun ni kí o fi ṣáájú.

Láti ìgbà tí ẹnu mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́dún tó kọjá ni nọ́ọ̀sì ti ní kí n máa sọ̀rọ̀ dáadáa lójoojúmọ́ kí ahọ́n mi má baà le. Èmi ò mọ̀wé. Ìyàwó ọmọ mi, Tíṣà, ló ní òun á máa kọ ohun tí mo bá sọ. Ó rò pé ìtàn ìgbà èwe mi ni màá máa sọ fún òun. Ẹ̀rín ń pa á báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dúró, ìyẹn dára.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fa òórùn yìí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mò ń pè é nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú garawa méjì tí ó fi ọ̀rá dúdú bò lórí. Mo wà lórí àga mi. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tí imú mi ti mọ̀.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Màmá Àgbà, ẹ má bínú."

"Mi ò tíì bínú. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìfun àgùntàn ni, mà."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọ ìfun nílé ìpẹran. Mò ń ki ọwọ́ bọ inú ìgbẹ́ ẹran láti ìdájí títí oòrùn fi ń wọ̀. Bí mo bá wọ ọkọ̀, àwọn èèyàn á dìde fún mi, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀. Ìfun ni mo fi kọ́ ilé yìí, mo sì kọ́ ọ sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, kí ọmọ mi kankan má baà tún fọwọ́ kan ìfun láyé. Ọmọ tó kàwé apòògùn jáde ní yunifásítì wá fi owó ara rẹ̀ rà á, ó sì gbé e wá bá mi nílé.

Ó ní òun fẹ́ fi ṣe okùn dùùrù tí wọ́n máa ń fi ìka ta ni. Mo ní kí ó gbé e jáde. Ó ní ibo ni kí òun gbé e lọ?

Ó wà lágbàlá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé lónìí. Orin àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe, orin àwọn tó ń tukọ̀ lórí odò wa kí afárá tó dé, tí kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ́. Mo bi wọ́n pé ṣé ẹnìkan jí i lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ń wá a kiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dáhùn. Yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, ó sì máa ń di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ó ní, "Màmá, ohun tí àwọn baba wa gbàgbé ni a fẹ́ rántí."

Mo ní tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, bóyá wọ́n nídìí.

Òun ló ń fọn fèrè. Aránṣọ, obìnrin sísanra kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ọjà, ló ń kọrin. Káfíńtà ló gbẹ́ dùùrù. Ó lọ wo ọ̀kan tó ti fọ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó gbẹ́ irú rẹ̀. Òun nìkan ló kí mi dáadáa kí ó tó jókòó. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ta dùùrù náà, tí ó bá lókùn. Bó ṣe wà yìí, pósí kékeré tó ní ọrùn ni.

Wọ́n kọ orin kan láìsí dùùrù. Ọkùnrin kan sọ àjẹ̀ ìtukọ̀ rẹ̀ nù sódò. Orin náà ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo gbé omi tíì kaná ni wọ́n ti ń kọ ọ́, omi náà hó, ó tún tutù, wọn ò tíì parí.

Mo ní, "Ṣé kò rí àjẹ̀ náà ni?"

Aránṣọ ní, "Kò rí i o, Màmá."

"Ẹ ra òmíràn fún un kí a lè sùn."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ mi dé láti ìrìn àjò. Ọkọ̀ ńlá ló ń wà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí i. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, "Ta ló kú?" Mo ní kí ó bi ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ilé ìwòsàn ìjọba ti gba Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ síṣẹ́ apòògùn. Ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá yọjú, wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ọmọ yìí ní òun ò fẹ́. Ó ní ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ṣèlérí fún àwọn. Wọ́n á ṣeré nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà oṣù keje. Tí ó bá dá a lójú pé ojúlówó orin odò ni, tí igi àti okùn rẹ̀ rí bó ṣe rí láyé àtijọ́, á gbà wọ́n síbẹ̀ bí òṣìṣẹ́. Tí ó bá rí ayédèrú kankan níbẹ̀, kí wọ́n máa lọ.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ó dára. Tí wọ́n bá gbà yín, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Tí wọn ò bá gbà yín, lọ́jọ́ kẹjọ wàá wọ aṣọ funfun, wàá lọ ka oògùn."

"Mo gbà, Dádì."

Wọ́n bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní aṣọ funfun ni mo rí. Láti ìgbà tí mo ti ń fọ ìfun ni mo ti ń rí i. Kí orin yẹn bàjẹ́, kí ọmọ lọ síbi tó mọ́.

Tíṣà dáwọ́ dúró. Mo ní kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Òórùn. Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Kàkà kí òórùn yìí lọ, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Wọ́n rẹ ìfun náà sínú omi eérú, wọ́n wá ń fi igi pẹlẹbẹ ha á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Gbogbo eṣinṣin ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà. Iṣẹ́ tí èmi ì bá ti parí kí oòrùn tó yọ.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo dìde. Mo fi ọ̀pá mi ti garawa sún mọ́ sítóòfù, mo gbé omi kaná. Ó hó, mo dà á lé e lórí, mo bu iyọ̀ sí i, mo fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Òórùn rọlẹ̀. Ìfun funfun bí eyín ọmọdé. Mo jókòó, mo mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n ní ó ti jiná. Wọ́n ní omi gbígbóná ti sè é, ó ti súnkì, agbára ti tán nínú rẹ̀. Bí Káfíńtà ṣe fà á báyìí ló já bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ìfun jíjẹ lèmi mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìfun, omi gbígbóná ló fi ń fọ̀ ọ́. Ta ló sọ fún mi pé ti ara dùùrù yàtọ̀ sí ti inú ìkòkò?

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò mí. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Màmá, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Mo ní, "Ìwọ tó di bọ́tìnì dé gògóńgò yìí, tí mo bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ojú rẹ ni màá ti bà á jẹ́, màá sì dúró tì í kí o lè rí mi dáadáa."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò sọ nǹkan kan. Ó kó gbogbo rẹ̀ dà nù, ó fọ garawa. Ì bá bú mi. Mo kórìíra ẹni tó bá dákẹ́ báyìí. Bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mo ní okùn ọ̀rá wà lọ́jà, irú èyí tí wọ́n fi ń pẹja. Kì í rùn, kì í jẹrà, eṣinṣin kan ò sì ní bà lé e. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n pa èèyàn.

Káfíńtà ló ṣàlàyé. "Màmá, ohùn rẹ̀ ò ní jọ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn kan ti fi okùn ọ̀rá tan ọ̀gá yẹn jẹ rí. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti gbọ́ ọ̀rá, á yarí."

Mo ní ó yẹ kí n mọ ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ àti tèmi jọ máa ń tètè rú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Garawa tuntun. Ìfun tuntun.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Òjò ò dá, okùn ò lè gbẹ níta, ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà sì ń jò. Yàrá mi nìkan ni kì í jò nínú ilé yìí, ibẹ̀ sì ni a ń dáná èédú sí nítorí orúnkún mi. Ó fẹ́ kí àwọn ta okùn síbẹ̀.

"Nínú yàrá tí mò ń sùn sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan ni, mà. Lókè."

"Lókè orí mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Mo rò ó. Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, èmi náà ni mo ba ìkejì jẹ́. Mo fẹ́ kí nǹkan yìí bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Mo ní wọ́n lè ta á, kìkì pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ìfun wọ ilé yìí. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ládùúgbò, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ládùúgbò rò pé aṣọ ni mo tà. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n rí i pé mo mọ aṣọ wọ̀, mi ò sì já wọn nírọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni okùn yẹn, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn sọ, tàbí kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Ó búra. Àwọn yòókù náà búra. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló búra kẹ́yìn, ó sì pẹ́ kí ó tó la ẹnu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n lọ́ ìfun pọ̀ ní tútù, wọ́n so ó mọ́ ìṣó láti ògiri kan dé èkejì. Mò ń sùn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ẹranko gbé mì. Ó ń kán. Ọ̀kan kán sí mi létè láàárọ̀ yìí. Mi ò ní sọ ohun tí mo ṣe.

Ìyá Onígíláàsì, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, yà wá kí mi. Ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kò tíì jókòó tí imú rẹ̀ ti ń rìn káàkiri.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń rùn báyìí?"

"Eku ló kú sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ẹ ò tíì gbé e jáde?"

"A ń gbé e díẹ̀díẹ̀."

"Eku yìí mà tóbi o."

"Ìdílé kan ni."

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, àfi bí ẹni pé ojú ló fi ń gbóòórùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìyá Onígíláàsì fi oògùn eku ránṣẹ́ sí mi. Páálí ńlá. Mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Okùn kan gbẹ. Wọ́n fi òróró pa á, wọ́n dè é mọ́ dùùrù, wọ́n ń fà á le. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹrí sún mọ́ ọn kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Okùn já, ó nà án létè. Ètè wú. Nígbà tó wá ń fọn fèrè, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde bíi táyà tó ti jò.

Mo jẹun yó lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì wá. Ó ní ahọ́n mi ti dára gan-an, ó bi mí pé kí ni mò ń lò. Mo ní èébú. Ó ní kí n mí sínú dáadáa, kí n mí síta. Mo ní kí òun kọ́kọ́ mí sínú. Ó mí sínú. Kò tún ní kí n mí mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òjò dá díẹ̀. Èédú ti gbówó lórí, yàrá mi sì ni gbogbo rẹ̀ ń jó sí nítorí ìfun, kì í ṣe nítorí orúnkún mi mọ́.

Wọ́n de okùn mìíràn. Káfíńtà ní èyí á dúró, ó sì dúró. Mo wà lórí ibùsùn, àwọn wà ní pálọ̀. Ohùn dùùrù náà ò dùn bí mo ṣe rò pé wọ́n fẹ́ kí ó dùn. Ó há díẹ̀, bí àgbà ọkùnrin tó wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Aránṣọ fi ohùn lé e. Ọkùnrin yẹn tún sọ àjẹ̀ rẹ̀ nù. Mò ń dúró de ibi tí yóò ti sú mi, wọ́n parí kí n tó dé ibẹ̀.

Tíṣà, má rẹ́rìn-ín. Ilé mi ṣì ń rùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Ìyá Onígíláàsì wá sọ fún mi pé gbogbo ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá wo ọmọ ọmọ mi ní gbọ̀ngàn. Aránṣọ ló sọ fún wọn. Òun ló ń rán aṣọ fún ìdajì wọn. Mo ní wọ́n kú ìgbìyànjú. Ó bi mí pé ṣé eku ti tán. Mo ní ó ku àwọn àna.

Lẹ́yìn tó lọ, mo pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo ní kí ó rántí ìbúra rẹ̀.

"Mo rántí, mà."

Ojú rẹ̀ ti jìn. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn. Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo mọ̀ pé kò ní lọ. Bí ó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀.

Inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tó bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Okùn rọ̀. Wọ́n tún un dè. Òjò. Okùn rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Àná ni. Tíṣà fẹ́ kí n sọ ọ́ lálẹ́ àná, mo ní kó jẹ́ kí n sùn.

Gbọ̀ngàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tutù bí ìsàlẹ̀ kànga. Wọ́n fi aṣọ bo ògiri rẹ̀, aṣọ náà ń rùn bí ohun tí kò rí oòrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta á síbẹ̀. Àga le. Ẹgbẹ́ wa gba ìlà kan. Ìyá Onígíláàsì wà lọ́tùn-ún mi, ọmọ mi àti Tíṣà wà lósì. Ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níwájú wa lórí àga tó ní tìmùtìmù. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó sì fi lọ́fínńdà para títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ okùn rọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró, ó ń yí i, ó ń tẹ́tí, ó ń yí i. Orin kejì tán, ó tún dúró. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ṣé yíyí yẹn wà lára orin ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yíjú padà wo ẹni náà títí ó fi rí nǹkan wò nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kó mi nírìíra, òtútù, lọ́fínńdà, ẹ̀rín wọn. Ìgbà tó kan orin ọkùnrin tó sọ àjẹ̀ rẹ̀ nù, wọ́n dákẹ́. Òótọ́ ni màá sọ, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n parí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba. Ọ̀gá dìde. Ó lọ síbi dùùrù, ó fi ìka kan tọ́ okùn, ó tún tọ́ ọ. Ó ní igi tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní fèrè tẹ́ òun lọ́rùn.

"Ṣùgbọ́n okùn yìí. Kí lẹ fi ṣe é?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni, sà."

"Mo gbọ́. Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?"

Ó wo ibi tí mo jókòó sí. "Ọ̀rọ̀ ilé ni, sà. Mi ò lè sọ ọ́ ní gbangba."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọdébìnrin yìí, okùn tí kò bá ṣeé sọ, okùn ọ̀rá ni. Tí wọ́n bá fi òróró pa á, á dà bíi ti àtijọ́. Mo ti rí i rí. Ẹ ṣáà gbọ́ nígbà tí mo ní mi ò fẹ́ ayédèrú?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó, ọkùnrin náà pa ẹnu dé. Aránṣọ ń fi ìka lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Káfíńtà ń wo bàtà. Wọ́n ti búra fún mi.

Ọmọ mi fọwọ́ kàn mí lápá. Ó rọra ní, "Ó tán." Ó sì tán lóòótọ́. Ọ̀túnla ni ọjọ́ kẹjọ, aṣọ funfun wà nínú páálí nílé. Ohun tí mo fẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, èmi ò sì ṣe nǹkan kan sí i, ó fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Kí n ṣáà jókòó ló kù.

Ọ̀rá.

Mo sùn lábẹ́ nǹkan yẹn títí àlá mi fi ń rùn. Ó kán sí mi létè. Eṣinṣin bímọ sínú ṣúgà mi. Mo parọ́ eku títí eku fi ní àna. Ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń rùn bí ọwọ́ tèmi ṣe rùn, ó sì ń fi pamọ́ nítorí mi, ni ọkùnrin kan tí kò fọ nǹkan kan rí àfi ojú rẹ̀ wá ń pè é ní ọ̀rá ìpẹja. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ti wọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Ìfun àgùntàn ni."

Ó yíjú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ni yín?"

"Èmi ni mo nilé tí wọ́n ti ṣe é. Ìfun àgùntàn. Àgbàlá mi ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, òkè bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n sá a sí. Tẹ imú rẹ mọ́ ọn. Tí lọ́fínńdà yẹn bá gbà fún ọ, wàá mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìfun ni mo fọ̀ nílé ìpẹran títí mo fi kọ́lé. Kì í ṣe aṣọ ni mo tà."

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn, Ìyá Onígíláàsì ni mo sọ ọ́ fún. Mo fẹ́ kí ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè sinmi.

Ọ̀gá tẹrí ba, ó gbé imú lé okùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ń fi ọwọ́ wá háńkáṣíìfù lápò.

Ó ní, "Ìfun ni."

Mo jókòó. Àga náà ṣì le.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ó gbà wọ́n. Ilé ìwòsàn á ti mú ẹlòmíràn báyìí. Ọmọ mi dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, àfi pé ó fi agbára ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí ó tó lọ. Mo ní kí wọ́n gbé páálí aṣọ funfun yẹn kúrò lójú mi. Ó dùn mí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì rò pé ibi tí oògùn wà ló mọ́ jù.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wáyé nírọ̀lẹ́. Àwọn méjì sún àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n rọra sún un, wọ́n rò pé mi ò rí wọn. Mo mọ ìró àga tó ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ju bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn lọ.

Ìyá Onígíláàsì tẹ̀lé mi dé ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe eku."

"Kì í ṣe eku."

"Ẹ ní ìdílé ni. Àánú yín ṣe mí."

"Mo gbọ́."

"Ẹ dá oògùn eku mi padà nígbà náà."

Mo dá a padà. Kò tíì lọ. Mo po tíì, mo nawọ́ ife sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wò ó dáadáa pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Ó gba ife, ó mu tíì. Ó ní ṣúgà ò tó.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ilé mi ń rùn. Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n ṣe dùùrù kejì, garawa sì ti pọ̀ sí i lágbàlá. Wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á fún wọn ní yàrá gbígbẹ kan. Mo ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá yọ ìṣó rẹ̀ lára ògiri mi. Ó ní òun á yọ ọ́. Kò tíì yọ ọ́.

Lọ́sàn-án, wọ́n jáde lọ wá igi, wọ́n fi ìfun sílẹ̀. Omi rẹ̀ ti ń dúdú. Iṣẹ́ ọ̀lẹ. Mo mú ọ̀pá mi, mo dìde. Tíṣà ju bírò sílẹ̀, ó sáré tẹ̀lé mi.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ba nǹkan jẹ́."

Mo da omi àná nù. Eṣinṣin bo ojú mi, mo tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo pọn omi, mo rọ ọ́ sí i.

Padà sórí àga rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi tútù ni.